Ìpolówó Ti Di Ayálégbé

Iyọ̀ ni mo wá tọrọ, Ọlọ́run rí mi. Mo ti gbé ọbẹ̀ ka iná kí n tó rántí pé iyọ̀ ti tán, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé dé yàrá Ìyá Ìbejì. Gbogbo ilé ni mo bá níbẹ̀, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣàn bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Obìnrin kan ló ń sunkún nínú fíìmù. Ọkọ rẹ̀ kú, òkú ò tíì wọlẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ ti ń béèrè ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Mo fìdí kan lé etí àga, mo ní kí n wò ó díẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti ń fi ìborùn nu ojú. Àfi bí àbúrò olóògbé ṣe wọlé, tó gbé mọ́ọ̀tì alágolo lé opó náà lọ́wọ́, tó ní kí ìyàwó wa fi mú ọkàn le. Opó dákẹ́ ẹkún. Ó yí agolo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí orúkọ ara rẹ̀ fi kọjú sí wa gbọnrangandan. Ó mu ún, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí pé ọkọ òun kú, ló bá tún bú sẹ́kún.

Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún méje, ló bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ṣé mọ́ọ̀tì yẹn ló pa ọkọ rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín pa wá débi pé Ìyá Ìbejì gbàgbé ẹkún tó ń sun. Ọbẹ̀ mi jóná. Ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ ná, ibi mọ́ọ̀tì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Bọ̀dá tó ń gbé yàrá kẹta ló tú àṣírí fún wa. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń to àga, tó ń gbé ife, tó ń wá pósí tí wọ́n bá nílò pósí. (Ẹ má bi mí bí pósí kan ṣe sùn nílé yìí fún ọjọ́ méjì lọ́dún tó kọjá, tí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ó ní iléeṣẹ́ tó bá ni irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ máa ń kó páálí wá sí lokéṣọ̀n, owó á tẹ̀lé páálí, ìwé á tẹ̀lé owó. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé kí orúkọ ọjà hàn fún ìṣẹ́jú àáyá báyìí báyìí, kí ọ̀daràn inú eré má mu ún, kó má dà sílẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ti alátakò sí tòsí rẹ̀. Ó ní ojú òun ló ṣe tí òṣèré kan sun ẹkún kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹkún ọ̀hún dáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń bo orúkọ ọjà.

Àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ń pè é ní product placement. Ayálégbé ni èmi pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá wọ inú mi kì í sùn níbẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn mi nílé yìí, orúkọ tí àwọn bàbá wa fún àpótí Rediffusion ara ògiri. Mo mọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀ jẹ mí lówó aṣọ méjì, n ò sì ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ yàrá karùn-ún ló ń gbé.

Alákiri ni ìpolówó jẹ́ láyé àtijọ́. Á dúró lẹ́nu géètì, á kígbe ọjà, a ó ní a ò rà, á kọjá. A mọ ìgbà tó ń bọ̀, a mọ ìgbà tó ń lọ. Nílé yìí tí a jẹ́ yàrá mẹ́jọ sí ṣáláńgá kan, àsìkò ìpolówó la máa ń tò síbẹ̀. Tí ìpolówó bá gùn dáadáa, ẹni karùn-ún á ráyè. Òmíràn á lọ ro àmàlà. Òmíràn á sáré dé orítà lọ ra àkàrà Ìyá Alákàrà, èyí tó máa ń gbóná, tó rọ̀, tí kì í mu epo. Kó tó padà, eré ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Alákiri náà kúkú ń wò wá. Kí ló tún dun ọlọ́jà tó kó máa kígbe fún àga òfìfo?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka Mass Comm ní yunifásítì. Lára owó aṣọ tí mo rán ló wọ ìwé yẹn, nítorí náà ìpín tèmi wà nínú ìmọ̀ rẹ̀. Òun ló là mí lóye pé ayálégbé yìí kì í ṣe àlejò. Ó ti gbé ilé yẹn rí. Òun gan-an ni lánlọ́ọ̀dù nígbà kan.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1933, iléeṣẹ́ Procter & Gamble gbé owó kalẹ̀ fún eré orí rédíò kan tó ń jẹ́ Ma Perkins, nítorí kí wọ́n lè ta ọṣẹ ìfọṣọ tó ń jẹ́ Oxydol. Àwọn ìyàwó ilé ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án bí wọ́n ṣe ń fọṣọ. Irú eré ọlọ́ṣẹ bẹ́ẹ̀ ló fà á tí wọ́n fi ń pe eré alátẹ̀lé ní soap opera dòní. Ẹ gbà mí! Gbogbo omijé tí mo da sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n pààrọ̀ nílé ìwòsàn, ìdílé ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ti wá.

Tẹlifíṣàn náà dé. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1941 ni ìpolówó àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó fún jáde lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ní New York, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré baseball kan. Aago Bulova ni, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Ó sọ tẹnu rẹ̀, ó kúrò lọ́nà. Ká ní gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ò ní di bárakú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí tí tẹlifíṣàn wọ ilé gbogbo, olówó ọjà ló ń sanwó odidi eré, ohun tó bá sì wù ú ló ń wọlé, èyí tí kò bá wù ú kò gbọdọ̀ yọjú. Ẹ wo sìgá Camel. Láti 1949 títí di 1956, orúkọ ìròyìn alẹ́ lórí NBC gan-an ni Camel News Caravan. Àṣẹ sìgá ni pé wọn ò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń mu sìgá onígi gbọọrọ, èyí tí wọ́n ń pè ní cigar, hàn nínú ìròyìn, nítorí Camel kì í ta irú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ̀ǹda: Winston Churchill. Bí òfin Bàbá Lánlọ́ọ̀dù nílé yìí ló ṣe rí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá dí géètì, àfi àna bàbá.

Ohun tó wá da ilé rú ni eré ìbéèrè kan tó ń jẹ́ Twenty-One, tí oògùn afúnni-lókun Geritol ń gbé owó rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì Columbia, Charles Van Doren, ń jẹ owó lọ ràì níbẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà ń pè é ní ọlọ́pọlọ pípé. Àṣé wọ́n ń fún un ní ìdáhùn kó tó jókòó. Ní 1959, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olówó ọjà pátápátá. Wọ́n ní, àwa la ó máa ṣe eré, ẹ̀yin ẹ wá máa ra ìṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Bí lánlọ́ọ̀dù ṣe di alákiri nìyẹn.

Ó fara mọ́ ọn fún nǹkan bí ogójì ọdún. Rìmóòtù dé, ó fara dà á. Àmọ́ ní 1999, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ TiVo jáde, tó ń gba eré sílẹ̀, tí èèyàn á sì fo ìpolówó bí ẹni fo gọ́tà. Netflix àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún dé lẹ́yìn ìyẹn, ni àwọn èèyàn bá ń sanwó nítorí kí wọ́n má baà rí ìpolówó sójú rárá. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ti géètì mọ́ alákiri? Ó họ orí, ó padà sílé àtijọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá ṣì wà.

Ó wà. Ẹ rántí American Idol tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002? Adájọ́ mẹ́ta, Simon Cowell, Paula Abdul, Randy Jackson, ife Coca-Cola pupa níwájú kálukú wọn. Yàrá tí àwọn olórin ti ń dúró de ìdájọ́ náà, pupa ni, ó pọ́n bí àkàrà Ìyá Alákàrà, ẹni tí kì í fi òróró àná dín ti òní. Ford tún ń kó àwọn ọmọ náà sínú mọ́tò kí wọ́n máa kọrin. Ta ló fẹ́ dìde lọ sí ṣáláńgá nítorí ife? Tí o bá dìde, ọmọ tí o fẹ́ràn á kọrin kọjá lọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti How I Met Your Mother. Eré ẹlẹ́rìn-ín ni, wọ́n ti ya apá kan rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún un gbé sáfẹ́fẹ́ ní 2011, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ki ìpolówó fíìmù tuntun bọ inú yàrá àwọn òṣèré, fíìmù tí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n ya eré náà. Ẹ fojú inú wò ó. Kí o mú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ ti ọdún 1998 jáde, kí o bá mọ́tò tí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù rà lóṣù tó kọjá lẹ́yìn ìyàwó. Bọ̀dá yàrá kẹta ní wọ́n lè ṣe é báyìí kí agolo orí tábìlì jẹ́ ti ilé ọtí yìí fún àwọn tó ń wò ó níhìn-ín, kó sì jẹ́ ti ilé ọtí mìíràn fún àwọn ará òkè òkun. Opó kan náà, ẹkún kan náà. Mo ní kó dákẹ́, mo fẹ́ sùn lóru yẹn.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan o. Nígbà tí Gulder Ultimate Search bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ọtí ló ni eré náà látòkè délẹ̀, orúkọ ọtí ni orúkọ eré. Èyí ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá rò pé wọ́n lọ sínú igbó lọ wá ewé, òun ló mọ̀. Big Brother Naija ni iṣẹ́ náà ti wá gbẹ̀yẹ: olówó ọjà á gbé iṣẹ́ kalẹ̀, àwọn ọmọ inú ilé á dá eré, á ránṣọ, á sè, gbogbo rẹ̀ nítorí ọjà, ẹni tó bá sì borí á gba ẹ̀bùn. Ní 2021, ọdún tí wọ́n pe àkọlé eré náà ní Shine Ya Eye, áàpù ìfowóránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Abeg ni àgbà olówó eré. Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń bẹ̀bẹ̀ láti kékeré, wọ́n ti fi ṣe orúkọ ọjà. Mo lọ ra òwú ìránṣọ ní Dùgbẹ̀ lásìkò yẹn, mo ní, "Abeg, dín in kù fún mi." Ọmọ náà ní òun ò tíì ní áàpù yẹn, kí n fi owó ọwọ́ san án. Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n ti yí orúkọ náà sí Pocket, ẹ̀bẹ̀ sì padà sí ẹnu wa.

Ó padà kẹ̀, àmọ́ ti Ọmọ ò padà mọ́. Rán ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù pé kó ra Ọmọ wá, á bi ọ́ pé, "Ọmọ wo, Ọmọ Ariel àbí Ọmọ Klin?" Gbogbo ìyẹ̀fun ìfọṣọ ti di Ọmọ, gbogbo èròjà ìsebẹ̀ ti di Mágì, gbogbo ìdọ̀tí ọmọdé sì ń wọ Pámpáàsì. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wa. Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tuntun ni ìpolówó inú eré jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó ilé ìwé mi kan ti ṣòfò. Ṣé kò tíì gbọ́ jùjú rí ni? Ṣé kò gbọ́ fújì? Orin á máa lọ jẹ́jẹ́ lórí ìfẹ́ àti sùúrù, àfi gbì, orúkọ oníṣòwò símẹ́ǹtì kan ti bọ́ sáàárín rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀, ti àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà, kí orin tó padà sórí sùúrù. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà, màá sì jà lórí ẹ̀. Lójú agbo ni. Olówó á jó dé iwájú ìlù, á lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, gbogbo ayé á rí i. Kò sẹ́ni tó lọ sílé tó ń rò pé olórin ń lá àlá oníṣòwò símẹ́ǹtì. A mọ ẹni tó sanwó, a mọ iye tó ná án, èmi a tiẹ̀ máa kà á. Mọ́ọ̀tì opó yẹn, ta ló rí ẹni tó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí?

Ọmọ mi obìnrin ò fẹ́ gbọ́. Eré Kòríà ló ń wò, ó ní tiwọn mọ́. Mọ́ kẹ̀! Láti 2010 ni òfin Kòríà ti gba ọjà láyè nínú eré tẹlifíṣàn, ibi tí àwọn olólùfẹ́ ti máa ń bára wọn pàdé báyìí ni ṣọ́ọ̀bù Subway. Jagunjagun, iwin, agbẹjọ́rò, búrẹ́dì ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì yẹn ì bá ti mọ ibi tó ń lọ ká ní àkàrà Ìyá Alákàrà ló wà láàárín rẹ̀. Ní 2021, nínú Vincenzo, wọ́n gbé bibimbap kan lé àwọn òṣèré lọ́wọ́. Oúnjẹ ìbílẹ̀ Kòríà ni bibimbap. Iléeṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe èyí tí wọ́n gbé jáde. Inú àwọn ará Kòríà ru bí iná, àfi ìgbà tí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò nínú eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dá wọn láre. Ẹ gbé àmàlà inú ọ̀rá tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà síwájú ọba nínú fíìmù Yorùbá, kí ẹ wo bí Ìbàdàn á ṣe gbóná tó.

Ti Bìrìtìkó ló wá tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ló pè mí nígbà yẹn pé òun rí lẹ́tà P kan ní igun tẹlifíṣàn, òun rò pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2011 ni òfin wọn gbà kí wọ́n máa gbowó fi ọjà sínú eré. Ẹ̀rọ kọfí Nescafé Dolce Gusto ló kọ́kọ́ wọlé, nínú This Morning lórí ITV. Nígbà tó máa di oṣù kọkànlá, ẹ̀rọ ìpọwó Nationwide ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan nínú eré alátẹ̀lé Coronation Street. Ṣùgbọ́n P yẹn gbọ́dọ̀ yọjú níbẹ̀rẹ̀ eré, níparí rẹ̀, àti tí wọ́n bá ti ìpolówó dé. Sìgá ò gbọdọ̀ wọlé, ọtí ò gbọdọ̀ wọlé, tẹ́tẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé. Inú ìròyìn àti eré àwọn ọmọdé, kò sí yàrá níbẹ̀ rárá. Ẹ ò rí i? Wọn ò lé ayálégbé. Wọ́n kàn ní kó kọ orúkọ sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ojú á mọ́ ọn lára, á wá dà bí "ilé yìí kì í ṣe títà" tí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo níhìn-ín, tí kò dá oníjìbìtì kankan dúró.

Gbogbo ohun tí mo rò fún yín yìí, bí mo ṣe rò ó yìí gan-an ni mo ṣe rò ó fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ìbejì ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ìyá Aránṣọ," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti dárúkọ àkàrà Ìyá Alákàrà láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kà á."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ará yàrá karùn-ún, ẹni tó jẹ mí lówó, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Márùn-ún ni Ìyá Alákàrà ń fún mi láràárọ̀. Kò sí ìwé, kò sí ìṣẹ́jú àáyá, kò ní kí n dárúkọ òun. Ó ṣáà ń fi ránṣẹ́ ni, èmi náà ṣáà ń rántí rẹ̀ ni. Mo sì lè fi Ọlọ́run búra pé àkàrà náà dùn. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ohun tí opó inú fíìmù náà á sọ nìyẹn.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ P gàdàgbà sára ilẹ̀kùn mi. Mo fi omi nù ún. Kí n tó wẹ̀ tán, wọ́n ti tún kọ ọ́. Kẹ́hìndé ń wò mí láti ẹ̀yìn ìkòkò omi, ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Mo ti ń wá pàṣán nígbà tí Ìyá Alákàrà fúnra rẹ̀ wọlé pẹ̀lú abọ́ àkàrà márùn-ún mi, ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé fún un, tìtìjú-tìtìjú, láti orí Peckham dé orí ṣọ́ọ̀kì.

Ó wò ó. Ó sún sẹ́yìn dé ẹ̀bá gọ́tà, ó tún wò ó, ó di ojú kan. Ó wá pe Kẹ́hìndé, ó fún un ní àkàrà kan, ó ní kó jọ̀ọ́ tún un kọ kó tóbi díẹ̀ sí i, nítorí láti títì kò hàn dáadáa.